Kọ́ìlì Kan, Púlọ́ọ̀gì Méjì

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, ó sì kù díẹ̀ kó gba fírídọ́ọ̀mù. Àmọ́ nílé wa báyìí, wọ́n ní kó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Wọ́n ní ọkọ̀ òde òní ti di ti kọ̀ǹpútà, pé kí ni ẹni tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní JSS 3 fẹ́ mọ̀ níbẹ̀? Èmi ò gbà o.

Nínú ọkọ̀ àtijọ́, dísítíríbútọ̀ ló ń yí kiri tó ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú àwọn tó dé lẹ́yìn. Sẹ́ńsọ̀ kan ló ń ṣọ́ bí kíráńkì ṣe ń yí, tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà á já iná bátìrì, 12 volts péré, tó ń wọ kọ́ìlì. Bí iná yẹn bá ti já lójijì, kọ́ìlì á sọ ọ́ di ohun tó lè ju 20,000 volts lọ. Ṣé ẹ rántí transformer tí a kọ́ nínú Physics? Iṣẹ́ kan náà ni.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì oní-púlọ́ọ̀gì mẹ́rin bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì kan ló ń bọ́ 1 àti 4, èkejì ń bọ́ 2 àti 3. Písítìnnì 1 àti 4 jọ ń gòkè ni. Bí ọ̀kan ti ń fún epo àti afẹ́fẹ́ pọ̀, èkejì ń lé èéfín jáde. Iná á ta nínú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan á ṣiṣẹ́, ìkejì á ṣòfò. Tí kíráńkì bá tún yí lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á gba ipò ara wọn.

Nítorí náà, bí 1 àti 4 bá jọ kọṣẹ́, ẹ má sáré ra púlọ́ọ̀gì tuntun. Tí kọ́ìlì méjèèjì bá jẹ́ irú kan náà, ẹ̀gbọ́n mi á fi wọ́n pààrọ̀ ipò. Bí àìsàn náà bá ṣí lọ sí 2 àti 3, ọwọ́ ti tẹ olè nìyẹn. Kò sí kọ̀ǹpútà kankan lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi ṣe é.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ẹ̀gbọ́n mi ní ọwọ́ iṣẹ́, èmi ní ìwé. Mo ti ṣàlàyé fún Bàbá wa, wọn ò tíì fèsì. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, èmi àti ìwé Physics mi, ṣọ́ọ̀bù la wà.