Ìyá Tíṣà, Ìyá Àgbà Mi

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Iṣẹ́ akáńtáǹtì ni mo ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo sì ti gba oyè. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ta ló kọ́ mi ní ìṣirò, ìyá tó bí ìyá mi ni n ó dárúkọ. Tíṣà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Ìbàdàn. "Ìyá Tíṣà" ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n, tọmọdé tàgbà.

Ọ̀dọ́bìnrin ni wọ́n nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi. Lọ́dún yẹn, iye wọn lé ní 800,000. Tíṣà kò tó, àga kò tó. Ọ̀pọ̀ òbí kò sì kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀. Ìyá àgbà máa ń sọ fún wa bí àwọn ṣe ń ní kí ọmọ gbé ọwọ́ kọjá lórí: bí ọwọ́ bá ti kan etí kejì, ọmọ ti tó ilé-ìwé í lọ nìyẹn.

Èmi kò jókòó ní kíláàsì wọn, wọ́n ti fẹ̀yìn tì nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn. Síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì kò tán nílé wa. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọn a da èkùrọ́ sílẹ̀, wọn a ní kí n kà á ní Yorùbá. Wọ́n ní ọmọ tó bá gbọ́ Yorùbá ti mọ àyọkúrò kó tó dé ilé-ìwé. Ẹ wò ó: márùndínlógójì, ìyẹn 35, márùn-ún ló fi dín ní ogójì. 46 ńkọ́? Mẹ́rìndínláàádọ́ta ni, àádọ́ta ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì fi mẹ́wàá dín ní ọgọ́ta. Bí mo bá kà á tán, wọn a bi mí pé, "Mélòó ló kù kó pé?" Ìbéèrè yẹn náà ni mo ń bi ìwé owó àwọn oníbàárà mi títí dòní.

Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa darí. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Nígbà tí mo ka èyí fún Ìyá àgbà lórí fóònù, ẹ̀rín ni wọ́n rín. "Ọmọ mi, ṣé ó dìgbà tí yunifásítì bá sọ ọ́?"

Wọ́n máa ń wí nílé pé ọ̀run ni èrè tíṣà wà. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe korò tó. Mo rí bí owó ìfẹ̀yìntì Ìyá àgbà ṣe ń falẹ̀, tí wọn a lọ tò láti àárọ̀, tí wọn a sì padà lọ́wọ́ òfo. Bí a bá fi ojú akáńtáǹtì wò ó, ayé jẹ wọ́n ní gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí a sin wọ́n ní 2019, bàbá arúgbó kan tẹ ọ̀pá wá. Bíríkìlà ni. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó rí òun rẹ́ jẹ lórí iye búlọ́ọ̀kù tàbí owó iṣẹ́. "Ìyá yìí ló kọ́ mi kà." Ó wá bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin òbí, ìdí tí mo fi kọ èyí nìyí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa níbí a ka ení, èjì dé ẹ̀wá, wọn a dúró. Bẹ́ẹ̀ láti orí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọgbọ́n àyọkúrò àwọn baba wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bá wọn kà á kọjá ibẹ̀, nínú mọ́tò, lórí àtẹ̀gùn, nídìí dòdò. Kò gba owó, kò gba ìwé.

Ọ̀run rere o, Ìyá Tíṣà. Kí Ọlọ́run dá àwọn tíṣà tó ṣì wà láyé sí, kí wọ́n jẹ èrè wọn níbí. Àmín.