Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀wù Òjò

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ mi tí mi ò lè lò. Sílébù mẹ́ta péré ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i, torí mo gbà pé fóònù mi ti gba ohùn náà sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní kíláàsì fonọ́lọ́jì mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Tí mo bá kọ lẹ́tà wọn láìsí àmì, èwo lẹ máa ní mo kọ? Ọ̀rọ̀ tèmi tún burú ju ìyẹn lọ, torí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ kankan tí mo yẹ̀ wò.

Ẹ̀wù òjò ló kó mi sí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń múra àtilọ gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ lóko nígbà òjò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó náwó.

Orúkọ tí àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìyànà Ọ̀fà ń pe oríṣìíríṣìí òjò ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi dá lé. Gbogbo wa la mọ àkọ́rọ̀, òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún. A mọ ọ̀wààrà, a sì mọ àrọ̀ọ̀rọ̀dá tí kì í jẹ́ kí aṣọ orí okùn gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn kì í sì í tètè rántí wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ bi wọ́n ní oṣù Kejì, wọ́n á ní òjò náà ni òjò ń jẹ́. Ẹ bi wọ́n nígbà tí òjò bá ṣú, orúkọ á máa jáde lẹ́nu wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi yan oṣù Kẹfà àti oṣù Keje.

Láti Ìyànà Ọ̀fà, mo máa ń gun ọ̀kadà gba ọ̀nà Lálúpọn. Màá sọ̀ kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, màá wá fẹsẹ̀ rìn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 kí n tó dé abúlé, torí àwọn ọlọ́kadà kì í fẹ́ wọ ibẹ̀ bí ilẹ̀ bá ti di ẹrẹ̀. Mo mọ̀ pé òjò á pa mí. Mo wá lọ sí Ìwó Road, mo ra rénkóòtù tó nípọn, irú èyí tí àwọn ọlọ́kadà ń wọ̀. Ẹni tó ń tà á da omi pioá wọ́ọ̀tà kan sí i lára níwájú mi, ẹ̀kán kan ò kọjá. Ó ní, "Àǹtí, odò Ọ̀ṣun gan-an ò lè wọnú ẹ̀." Inú mi dùn, mo sanwó.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, Ìyá Àgbà kan bá mi sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí méjì. Òjò ṣú, orúkọ sì ń jáde. Mo gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tí mo ń padà lọ, òjò dé. Mo wọ rénkóòtù mi, mo fi fóònù sí àpò àyà búláòsì mi lábẹ́ rẹ̀, mo ti bọ́tìnì dé ọrùn, mo sì ń yára rìn. Kí n tó dé ojú títì, gbogbo aṣọ ara mi ti rin gbingbin. Fóònù ti kú. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe gbìyànjú títí, kò rí nǹkan kan yọ nínú rẹ̀.

Mo bú ẹni tó ta rénkóòtù fún mi. Mo ní ó ti ta ohun tó jò fún mi. Nígbà tí mo délé, mo so ẹnu apá rẹ̀ méjèèjì, mo da omi kún inú rẹ̀ bí ẹni ń pọn omi, mo gbé e kọ́. Ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kò kán tó ilẹ̀. Ìyá mi ló mú búláòsì mi, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òógùn rẹ nìyí. Ṣé o ti rí àgbẹ̀ tó wọ irú nǹkan báyìí roko rí?"

Mi ò rí i rí lóòótọ́. Àpò ajílẹ̀ tàbí ọ̀rá ni wọ́n ń gé, wọ́n á dà á borí, iwájú rẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Rénkóòtù tí mo rà dára fún ọlọ́kadà, torí pé orí ìjókòó ló wà, atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù ú. Èmi ń rìn lórí ẹrẹ̀. Omi tó ba fóònù mi jẹ́, ara èmi fúnra mi ló ti wá.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà nípa rẹ̀. Wàhálà yìí ti pẹ́. Ní 1823, Charles Macintosh gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí aṣọ tí wọ́n fi rọ́bà yíyọ́ sáàárín rẹ̀ ní ilẹ̀ Scotland. Omi kò wọlé, òógùn náà kò sì jáde. Ní 1969, Bob Gore ní Amẹ́ríkà fa ike PTFE gbígbóná yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì nà di nǹkan fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kún fún ihò wínníwínní. Òun ló di Gore-Tex. Ẹ̀kán omi tóbi ju ihò náà lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n òógùn tó ti di ooru lè gbà á kọjá. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń fi pátákó sáré lórí yìnyín máa ń wá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara wọn gun òkè kí wọ́n tó yọ̀ sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n ń làágùn bíi tèmi nígbà tí wọ́n bá ń gòkè, wọ́n sì ń fẹ́ aṣọ tó fúyẹ́, tó ṣeé ká sínú àpò.

Mo lọ sí ìsọ̀ òkìríkà, mo wá a. Èkíní tí mo rí, inú rẹ̀ ń bó bí ògiri àtijọ́, ó sì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ooru àti ọ̀rinrin máa ń ba ohun tí wọ́n fi kun inú aṣọ bẹ́ẹ̀ jẹ́, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá wọ̀ ọ́. Èkejì dára. Mo rà á, mo sì fi rìn. Ó sàn ju rénkóòtù lọ, ṣùgbọ́n òógùn ṣì bò mí. Ìdí rẹ̀ ni pé ooru òógùn máa ń lọ láti ibi tó pọ̀ sí síbi tí kò pọ̀ sí. Lórí òkè yìnyín, afẹ́fẹ́ ìta tutù, ó sì gbẹ, ó rọrùn fún un láti jáde. Ní oṣù Keje lọ́dọ̀ wa, afẹ́fẹ́ ìta fúnra rẹ̀ ti kún fún omi. Ibo ni òógùn fẹ́ gbà lọ?

Nítorí náà, ohun tí mo máa sọ fún yín nìyí. Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara ìwé aṣọ dẹ́rù bà yín. Tí wọ́n bá kọ 10,000 mm, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aṣọ náà lè gba ìwúwo omi tó ga ní mítà 10 kí ó tó jò. Òjò Ìbàdàn kò tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ojú rírán rẹ̀ nínú: ṣé wọ́n lẹ nǹkan bò ó? Ibẹ̀ ni omi máa ń gbà wọlé jù. Ẹ fọwọ́ ra inú rẹ̀ bóyá ó ń bó. Ẹ wò ó bóyá síìpù wà lábẹ́ apá tí ẹ lè ṣí. Èyí tí mo wá ń lò báyìí ni èyí tó fẹ̀ bí agbádá, tó fúyẹ́, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, tó sì bo àpò ẹ̀yìn mọ́ mi lára. Orúnkún mi máa ń tutù. Mo fara mọ́ ọn.

Fóònù kì í sì í wọ abẹ́ ẹ̀wù mọ́. Inú ike oúnjẹ tó ní ọmọrí ló ń wà. A-gbà-òjò ló fún wa ní agbòjò, a-gbà-ohùn-sílẹ̀ ló fún wa ní agbohùnsílẹ̀. Mo ti mọ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ méjèèjì láti ọdún kìíní, síbẹ̀ mo lọ fi iṣẹ́ méjèèjì sábẹ́ aṣọ kan ṣoṣo.

Mo padà sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n tún èyí tó pọ̀ jù sọ fún mi. Nígbà tó kan ọ̀rọ̀ onísílébù mẹ́ta yẹn, mo pè é lóríṣìíríṣìí ohùn fún wọn, wọ́n ń mi orí. Wọ́n ní, "Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ti bọ́ lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ òjò, òjò ló ń mú un wá. Máa bọ̀ tó bá ṣú."

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin látìgbà náà. Mo ti ní orúkọ òjò méjì mìíràn, mo sì fi àmì ohùn sí wọn níwájú wọn, wọ́n gbọ́ ọ kí n tó dìde. Ọ̀kan yẹn ò tíì wá. Ní ojú ìwé tó wà nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi, mo fi àyè rẹ̀ sílẹ̀.