Àwọn Tí Ó Tọ́ Wa Dàgbà ní Ọ̀tà

Bí a bá ń ka àwọn ẹni ńlá ìlú, a máa ń ka ọba, a máa ń ka ìjòyè, a sì máa ń ka àwọn tí ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Èyí dára. Ṣùgbọ́n a kì í ka àwọn tí ó tọ́ ọmọ dàgbà mọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ni bí kò bá sí wọn, ìlú kì bá tí rí ẹni ńlá kankan kà. Nítorí náà ni àwa tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ọmọ márùn-ún tí a tọ́ ní Ọ̀tà, ìlú àwọn Àwórì, ṣe fi ohùn ṣọ̀kan láti kọ̀wé nípa ẹni mẹ́ta tí a jẹ ní gbèsè.

Ẹni èkíní ni ìyá àgbà wa, ìyá tí ó bí bàbá wa. Ìyá yìí kò mọ A yàtọ̀ sí B. Oko ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, gàrí ni ó sì ń yan tà. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ ni, nítorí ìhìn rere kì í ṣe àjèjì ní Ọ̀tà: láti 1854 ni James White, ẹni tí ó ti Sàró wá, ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ C.M.S. Ní alaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, ìyá àgbà yóò gbé àtùpà ka orí àpótí, yóò sì ní kí ọ̀kan nínú wa ka Bíbélì sí òun létí. Bíbélì àtijọ́ ni, àmì ohùn kò sì pọ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ń kà á ní láti mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá igba ni, tàbí igbá, tàbí ìgbà. Bí ọmọdé bá ka igbá níbi tí ìgbà wà, ìyá àgbà yóò gbé orí sókè, yóò wí pé, “Ta ni ó gbé igbá dé ibẹ̀? Padà sẹ́yìn, ọmọ mi.” Kò lè ka ìwé náà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mọ èdè. Lọ́dọ̀ obìnrin tí kò kàwé yìí ni a ti kọ́ ìwé kíkà, kí tísà kankan tó mọ orúkọ wa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun kékeré ni èyí. Ẹ rántí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ọmọ nǹkan bí ọdún 12 ni nígbà tí a kó o lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Wọ́n gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì yà á kúrò lọ́dọ̀ òbí, ṣùgbọ́n èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀, Afala, kò sí ẹni tí ó lè gbà á. Ó gbé e dé Sàró, ó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni ó sì fi ṣe aṣáájú nínú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí odindi rẹ̀ parí ní 1884. Ó tún rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, a sì ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà ní 1848. Àwọn ènìyàn a máa wí pé ọmọ ni ó mú ìwé wá fún ìyá. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyá ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ lẹ́nu.

Ẹni èkejì ni bàbá wa. Lẹ́yìn tí a dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ ní 1976, àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń pọ̀ sí i ní Ṣàngó àti lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, nítorí ibẹ̀ kò jìnnà sí Èkó, ilẹ̀ sì wà. Bàbá wa fi oko sílẹ̀, ó wọ ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ òru ni wọ́n sì fi í sí. A kì í rí i tó bí ọmọ ti í fẹ́ rí bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá gba owó oṣù, yóò pe gbogbo wa jókòó, yóò da owó náà sórí ẹní, yóò sì pín in lójú wa: ti Ọlọ́run, ti ìyá rẹ̀, ti oúnjẹ, ti ilé ìwé, ti gbèsè. Nígbà mìíràn kọ́bọ̀ kan kì í kù fún òun tìkára rẹ̀. Kò wàásù fún wa nípa òtítọ́. Ojú ara wa ni a fi rí i.

Ní 1986 ni náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ gidigidi, ohun èlò tí àwọn ilé iṣẹ́ ń rà láti òkè òkun sì wọ́n gógó. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí a dá bàbá wa dúró lẹ́nu iṣẹ́, òun àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọdún náà gan-an ni èyí àgbà nínú wa yóò san owó ìdánwò ìwé mẹ́wàá, kò sì sí owó. Bàbá wa pinnu pé kí ó fi ìwé sílẹ̀, kí ó wá iṣẹ́ ṣe, kí àwọn kékeré lè jẹun.

Níbẹ̀ ni ẹni ẹ̀kẹta ti dé. Káfíńtà kan ni, ará àdúgbò wa. Kì í ṣe ẹbí wa, Mùsùlùmí sì ni. Ó wọlé ní alẹ́ ọjọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá àgbà, ó ní, “Ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí máa wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn ilé ìwé. Èmi yóò san owó ìdánwò rẹ̀, yóò sì fi iṣẹ́ san án díẹ̀díẹ̀.” Ojú ti bàbá wa, ó fẹ́ kọ̀. Ìyá àgbà ni ó dá a lóhùn pé, “Ọmọ mi, ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Ìwọ ni ẹnìkan náà. Jẹ́ kí igba ṣe tiwọn.”

Báyìí ni ẹ̀gbọ́n wa ṣe kọ́ láti fi ayùn rẹ́ pákó àti láti fi ìfági fá a, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege. Bí ẹsẹ̀ tábìlì kan bá wọ́, ọ̀gá rẹ̀ a ní kí ó tú u palẹ̀, bí ẹni tí yóò rà á kò tilẹ̀ lè mọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, káfíńtà náà a ti ilẹ̀kùn, a lọ kírun; ní ọjọ́ Ìsinmi, kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n wa fọwọ́ kan igi títí a ó fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé.

Lónìí, Ọ̀tà ti gbòòrò. Yunifásítì Covenant ti wà níbẹ̀ láti 2002, ilé iṣẹ́ kò sì lóǹkà. Òbí púpọ̀ ní Ṣàngó a máa jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn a sì wọlé nígbà tí ọmọ ti sùn. Àwa kò dá wọn lẹ́bi, nítorí bàbá tiwa náà kì í sí nílé lóru. Ohun tí a ń béèrè ni pé, níbo ni igba ènìyàn náà wà? Ẹni tí ó ní etí lè gbọ́ ìwé kíkà ọmọ aládùúgbò. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù lè fi àyè kan sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Ìyá àgbà àti bàbá wa ti sùn nínú Olúwa. Nígbà ìsìnkú wọn, a ra aṣọ ẹbí, a sì pa màlúù. Wọn kò tọ́ ọ wò. Káfíńtà náà ṣì wà láàyè, bí ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ ríran dáadáa mọ́. Nítorí náà, bí oṣù bá parí tí a sì ń pín owó gẹ́gẹ́ bí bàbá wa ti í pín in, a ti fi ìpín kan kún un: ti káfíńtà. Ọ̀kan nínú wa ní í gbé e lọ, a sì jókòó tì í títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ẹ̀yin ará, bí ẹni tí ó tọ́ yín bá ṣì wà láyé, ẹ má ṣe dúró de aṣọ ẹbí. Ẹ lọ kí i ní ọ̀sẹ̀ yìí.