Seidensticker àti Ìsàlẹ̀ Tókíyò

Láti ìgbà tí mo ti sọ ní Ẹ̀ka wa pé iṣẹ́ ògbufọ̀ ìwé ni mo fẹ́ ṣe lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: ṣé iṣẹ́ nìyẹn? Edward Seidensticker ni mo fi ń dá wọn lóhùn. (Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan rò pé mo fẹ́ jápa lọ Japan ni.)

Ará Colorado ní Amẹ́ríkà ni bàbá yìí. Ogun Àgbáyé Kejì ló mú un kọ́ èdè Japan, ní ilé ẹ̀kọ́ èdè àwọn ológun orí omi. Lẹ́yìn ogun ó lọ gbé Tókíyò, títí ó fi padà sílé ní 1962 láti máa kọ́ni ní yunifásítì.

Ìsàlẹ̀ ìlú ló fẹ́ràn jù ní Tókíyò, èyí tí wọ́n ń pè ní Shitamachi: Asakusa àti àwọn àdúgbò ẹ̀bá odò Sumida, níbi tí àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń gbé nígbà tí orúkọ ìlú náà ṣì ń jẹ́ Edo. Ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1923 àti iná tó tẹ̀lé e ba ibẹ̀ jẹ́, bọ́ǹbù 1945 sì tún jó o. Nígbà tí Seidensticker fi máa dé, inú ìwé ni púpọ̀ nínú ìlú tó wá fẹ́ràn kù sí. Ó bá a níbẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ Nagai Kafu, òǹkọ̀wé tí àárò Edo kò jẹ́ kó gbádùn. Ó kọ odindi ìwé nípa rẹ̀ ní 1965. Ní 1983 ó kọ ìtàn ìlú náà gan-an, ó sì dá a dúró síbi ìmìtìtì ilẹ̀ yẹn. Ibi tó dá a dúró sí yìí dùn mọ́ mi.

Ó wá ku ibi tó kan àwa ọmọ gírámà. Nínú Snow Country tó túmọ̀, gbólóhùn tí Kawabata fi bẹ̀rẹ̀ ìwé náà kò ní olùwà ní èdè Japan. Nǹkan jáde láti inú ihò abẹ́ òkè, kò sọ ohun tó jáde. Gẹ̀ẹ́sì kò gbà bẹ́ẹ̀, Seidensticker bá fi ọkọ̀ ojú irin ṣe olùwà. Mo gbé e wá sí Yorùbá wò. “Ó” tiwa kò sọ bóyá ọkùnrin ni, obìnrin ni, tàbí ọkọ̀. Bí a bá tiẹ̀ yí i sódì, tí a ní “kò jáde”, olùwà yóò pòórá pátápátá! Ibi tó há fún Gẹ̀ẹ́sì gba àwa dáadáa. Mo fẹ́ ka Kawabata ní Yorùbá, kí ó sì jẹ́ láti inú èdè Japan tààrà.

Kawabata gba ẹ̀bùn Nobel ní 1968, kò sì fi ipa ògbufọ̀ rẹ̀ pamọ́. Seidensticker padà sí Tókíyò lọ́jọ́ ogbó. Ó ń rìn kiri létí adágún Shinobazu ní Ueno ní oṣù Kẹrin 2007 nígbà tó ṣubú. Ó kú ní oṣù Kẹjọ, lẹ́ni ọdún 86.

Èmi ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ hiragana lálaalẹ́. Àmì 46 ni. Mo ti mọ 31.