Ìsinmi ní Príncipe: Ṣé Ó Tó Owó Rẹ̀?

Láti ìgbà tí a ti dé láti Príncipe lẹ́yìn ìsinmi Àjíǹde, ìbéèrè kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé wa ní gbogbo Sátidé: "Èló lẹ ná? Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn rẹ̀ níbí, torí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ṣírò tiyín lọ́wọ́ fún oṣù kẹjọ.

Príncipe jẹ́ erékùṣù kékeré nínú òkun Àtìláńtíìkì. Òun àti São Tomé ni wọ́n jọ di orílẹ̀-èdè kan, tó gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Potogí ní ọdún 1975. Bí ẹ bá wo máàpù, ẹ ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí etíkun Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n láti Lọ́ńdọ̀nù, a wọ bàálù lọ sí Lisbon, a wọ òmíràn lọ sí São Tomé, a sùn níbẹ̀ mọ́jú, kí bàálù kékeré kan tó gbé wa débẹ̀. Ọ̀nà jíjìn yìí gan-an ló ń gba owó.

Àwa mẹ́rin la lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì nìkan jẹ́ £4,100. Ilé tí a sùn sí gba £900. Oúnjẹ, ọkọ̀ àti oògùn ibà gba £850. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £5,850. Ohun tó dín ìnáwó wa kù ni pé a ti gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú nígbà tí a lọ sí Nàìjíríà, káàdì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ títí ayé. A kò sún mọ́ àwọn hòtẹ́ẹ̀lì olówó ńlá tó wà níbẹ̀ rárá.

Ìnáwó kan tún wà tí kò sí nínú rìsíìtì. Owó yẹn ì bá gbé àwa mẹ́rin dé Ìdànrè lọ́dọ̀ màmá mi, ì bá sì ṣẹ́kù fún ẹ̀bùn. Màmá ti pé ẹni ọdún 84. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé a kò ní wá ní Àjíǹde, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á mú yín lọ, á mú yín bọ̀." Wọn kò ráhùn. Ṣùgbọ́n mo ka ìdákẹ́jẹ́ yẹn mọ́ owó tí a ná.

Kí la wá rí níbẹ̀? Omi òkun mọ́ gaara, iyanrìn rẹ̀ dára, àmọ́ etíkun tó dára wà nítòsí wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin mi, tó fẹ́ràn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, fẹ́ rí oko Sundy. Ibẹ̀ ni Arthur Eddington dúró sí ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1919, nígbà tí òṣùpá bo oòrùn, láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí Einstein sọ pé ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ a máa tẹ̀ bó bá gba ẹ̀gbẹ́ oòrùn kọjá. Ó dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀.

Ṣùgbọ́n kòkó ló mú wa jù. Ní nǹkan bí ọdún 1822 ni wọ́n gbé kòkó láti Brazil wá sí Príncipe. Lẹ́yìn náà ó dé Fernando Po, tí à ń pè ní Bioko lónìí, ibẹ̀ ni a sì ti gbé e wọ Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1874. Ìyà jẹ àwọn èèyàn lórí kòkó erékùṣù wọ̀nyí. Àwọn Potogí kó òṣìṣẹ́ láti Àǹgólà wá síbẹ̀, wọn kò sì jẹ́ kí wọ́n padà sílé, títí ilé-iṣẹ́ Cadbury fi dáwọ́ ríra kòkó wọn dúró ní ọdún 1909. A sọ èyí náà fún àwọn ọmọ.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò rí igi kòkó rí. Bàbá àgbàlagbà kan fọ́ ọ̀kan fún un, ó lá omi funfun tó wà lára hóró rẹ̀, ó ní ó dùn bí súìtì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn a pe Màmá. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú wọn kì í ju "Ẹ káalẹ́ Mà, mo wà dáadáa" lọ. Lọ́jọ́ náà, ó pariwo pé, "Màmá, mo rí kókò!"

Màmá ní, "Kókò tí à ń sè jẹ?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá a tún ohùn rẹ̀ ṣe: kòkó. Màmá rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní kí ó ṣàlàyé bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ó ní inú àpótí igi ni wọ́n ń kó o sí.

"Àpótí kẹ̀? Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni tiwa. A ó tẹ́ ewé sílẹ̀, a ó kó kòkó lé e, a ó bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, kí a tó sá a sóòrùn."

Màmá sọ fún un pé owó kòkó ló rán èmi ìyá rẹ̀ lọ sí yunifásítì. Ó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ tí wọ́n fi sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni mo sì bá wọn túmọ̀. Àwọn àgbà ní ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tó tó ti baba òun. Ọmọ tèmi dé oko ẹlòmíràn, ó wá ń béèrè oko ìyá ìyá rẹ̀.

Ṣé ó tó owó rẹ̀, nígbà náà? Fún wa, ó tó, lẹ́ẹ̀kan. N kò ní ná irú owó bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ mọ́ níwọ̀n ìgbà tí Màmá bá ṣì wà láyé. Kòkó ti wà ní Príncipe fún nǹkan bí 200 ọdún. Yóò dúró dè wá.

Tí ẹ̀yin náà bá ń rò ó, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta. Ta ni kò ní rí wa lọ́dún yìí nítorí owó yìí? Kí ni ọmọ máa rí níbẹ̀ tí kò sí nítòsí? Kí ló máa lè ròyìn fún àwọn àgbà ilé, ní èdè wọn, nígbà tó bá dé?

Ẹ̀yin ọmọ, ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ pe màmá tàbí bàbá àgbà yín, kí ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ló rán àwọn òbí yín lọ sí ilé-ìwé. Àwa ti ń tọ́jú owó Ìdànrè fún oṣù kejìlá. Àkókò kòkó ni, Màmá sì ti ní àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn fọ́ ọ.