Ta Ló Ni Ohun Àtijọ́ Tó Wà ní Pálọ̀ Yín?

Ó ti di àṣà ní Àbújá báyìí kí ẹni tó bá rówó díẹ̀ máa fi ohun àtijọ́ ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Níbi tí àga aláwọ dúdú àti òdòdó oníke máa ń wà tẹ́lẹ̀, ìkòkò amọ̀, ẹní, àpótí onígi àti ère ló wà níbẹ̀ lónìí. Inú mi dùn sí i. Ó ti pẹ́ tí a ti ń kó ohun tí àwọn òbí wa lò pamọ́ sẹ́yìn ilé bí àlejò bá ń bọ̀, bí ẹni pé ohun ìtìjú ni. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí a kì í fẹ́ bi ẹni tó ń ta nǹkan wọ̀nyí fún wa: ta ló ni ín, báwo ló sì ṣe kúrò lọ́wọ́ rẹ̀?

Èmi náà fẹ́ràn ohun àtijọ́. Máṣíìnì ìránṣọ Singer tí ìyá mi ń fi ọwọ́ yí wà lórí tábìlì ní pálọ̀ mi. Òun ló fi san owó ilé-ìwé wa. Áyọ́ọ̀nù eléèédú rẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwo idẹ ńlá kan wà tí a gbé lé àpótí, tí a fi ń ṣe tábìlì àlejò. Bàbá mi ló rà á lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ Tápà ní Bídà, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Mínà. Àmù omi méjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Iṣẹ́ àwọn obìnrin Gbàgyí ni, àwọn tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari.

Ẹ mú náírà ogún jáde, kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Obìnrin tó ń mọ ìkòkò níbẹ̀ ni Ladi Kwali, ọmọ Gbàgyí láti ìlú Kwali. Ó ṣiṣẹ́ ní ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò tí Michael Cardew dá sílẹ̀ ní Àbújá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Àbújá ìgbà náà ni ìlú tí a ń pè ní Sùléjà lónìí. Ní 1976 tí ìjọba pinnu láti kọ́ olú-ìlú tuntun, ó mú orúkọ ìlú yẹn, ó sì mú ilẹ̀ àwọn Gbàgyí pẹ̀lú. Nítorí náà, bí mo bá ń wo àmù méjì yìí, mo máa ń rántí pé àlejò ni èmi Yorùbá jẹ́ níbi tí mo kọ́lé sí. Ohun àtijọ́ tí a mọ orísun rẹ̀ máa ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí a kò mọ orísun rẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin kan wà tó ń kiri ohun àlòkù ládùúgbò wa. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó tú aṣọ kan níwájú èmi àti ọkọ mi. Orí amọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ jẹ́ onígun mẹ́ta, ihò sì wà láàárín ẹyinjú. Ẹni tó bá ti wọ mùsíọ́ọ̀mù Jọs rí yóò dá irú ère bẹ́ẹ̀ mọ̀: iṣẹ́ Nok ni, tàbí ayédèrú rẹ̀. Mo bi ọkùnrin náà pé níbo ló ti rí i. Ó ní àwọn ọmọ kan ló hú u.

“Nínú oko ta ni?”

“Màdáámù, ẹ má béèrè ìyẹn.”

Ọkọ mi wò mí. “Ìyá Bísí, bí a kò bá rà á, òyìnbó ni yóò rà á. Ṣé kò sàn kó wà ní pálọ̀ wa ju kó wà ní London lọ?”

Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Mo ní, “Bàbá Bísí, bí wọ́n bá rí owó ọ̀kan gbà lọ́wọ́ wa, mélòó ni ẹ rò pé wọn yóò tún lọ hú?”

Ohun tó wà lọ́kàn mi nìyí. Ní 1928 ni àwọn tó ń wa tánńganran rí àkọ́kọ́ irú ère yìí nítòsí abúlé Nok, ní ìpínlẹ̀ tí a ń pè ní Kàdúná lónìí. Ní 1943, orí kan láti Jema'a dé ọwọ́ Bernard Fagg. Inú oko iṣu ló ti wà tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi ń lé ẹyẹ. Fagg yìí náà ló wá hú ilẹ̀ ní Tàrúgà, tí kò jìnnà sí Àbújá, ó sì bá ìléru tí wọ́n fi ń yọ́ irin níbi tí irú ère bẹ́ẹ̀ wà. Nítorí pé ó fara balẹ̀ hú u ni a fi mọ̀ pé àwọn tó mọ ère wọ̀nyí ti ń yọ́ irin ní ohun tó ju 2,000 ọdún sẹ́yìn. Bí olè bá fi ṣọ́bìrì hú ère lóru, ère nìkan ló máa jáde. Ìtàn tó yí i ká ti bàjẹ́ nìyẹn, owó kankan kò sì lè rà á padà.

Òfin náà wà. Òfin ọdún 1979 lórí àwọn mùsíọ́ọ̀mù kò gba ẹnikẹ́ni tí àjọ ìjọba kò fún láṣẹ láyè láti ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ tí a ṣe ṣáájú 1918 wà lábẹ́ òfin náà, èyí tí a ti lò fún ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ilẹ̀ Faransé pàápàá ra ère Nok àti Ṣókótó. Ní 2002 wọ́n gbà pé Nàìjíríà ló ni wọ́n, a sì yá wọn padà fún ọdún 25. Bí a bá ń bínú sí Faransé tó rà á, kí ni a fẹ́ pe ara wa bí a bá rà á fún ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n? Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀.

A kò rà á. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kó gbé e lọ fún àwọn mùsíọ́ọ̀mù. Ó rẹ́rìn-ín, ó dì í padà, ó lọ. N kò mọ pálọ̀ tàbí ọkọ̀ òfurufú tí orí náà wà lónìí, ó sì ń dùn mí. Ọkọ mi ṣì ń sọ pé a ì bá ti rà á, kí a gbé e fún ìjọba fúnra wa. Èrò tèmi ni pé owó wa ni yóò rán wọn padà sínú oko.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká ṣe ilé wa lọ́ṣọ̀ọ́, ká sì ṣe é dáadáa. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá ìyá yín: abọ́ tánńganran, fìtílà, àpótí aṣọ, ọpọ́n ayò. Bí ẹ bá fẹ́ rà lọ́jà, ẹ béèrè ẹni tó lò ó àti ìdí tó fi ń tà á. Bí ó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ń bọ, tàbí ohun tí wọ́n hú nínú ilẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lónìí pẹ̀lú. Àwọn Masaga ní Bídà ṣì ń yọ́ ìgò láti fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti ìlẹ̀kẹ̀. Tuntun ni àwo idẹ bàbá mi lọ́jọ́ tó rà á. Ó san owó rẹ̀ fún ẹni tó ṣe é, lójú ọ̀sán, kò sì sí ẹni tí àwa ọmọ rẹ̀ ní láti fi í pamọ́ fún.