Igi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gé: Ẹ̀kọ́ Ìwà Láti Niamey

Odò Ọya tó ń gba Jẹ́bà kọjá lọ́dọ̀ wa, òun náà ló la Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, kọjá. Ẹni tó bá dúró sórí afárá Kennedy, tí wọ́n ṣí ní 1970, yóò rí àwọn apẹja nínú ọkọ̀ ojú omi, yóò rí oko ẹ̀fọ́ létí odò, yóò sì rí ràkúnmí tó di ẹrù tó ń bá mọ́tò du ọ̀nà.

Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, ẹ mú wọn dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1959, tí wọ́n sì fi sọrí Boubou Hama, òpìtàn tó ti ṣe olórí ilé aṣòfin wọn rí. Àwọn oníṣẹ́ awọ, alágbẹ̀dẹ fàdákà àti ahunṣọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójú àlejò. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹranko ni ọmọdé máa ń sá lọ. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ kan wà nínú ọgbà náà. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí a gbé délé.

Ténéré, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà ní àríwá ìlà-oòrùn Niger, ni igi náà ti hù. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni. Kò sí igi mìíràn nítòsí rẹ̀ láàárín ohun tó ju 150 kìlómítà lọ. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1938 sí 1939, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọlẹ̀ ju 30 mítà lọ láti wá omi.

Àwọn Tuareg tó ń fi ràkúnmí kó iyọ̀ láti Bilma máa ń dúró lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ rò ó wò ná: ebi ń pa ràkúnmí, ewé tútù nìyí. Òtútù òru ń mú, wọ́n fẹ́ se tíì, igi ìdáná nìyí. Kò sí ọlọ́pàá, kò sì sí ẹni tó máa rí wọn. Síbẹ̀, wọn kì í ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀. Èèwọ̀ ni.

Ìgbà tí mọ́tò dé ni ọ̀ràn yí padà. Henri Lhote, ará Faransé tó ti rí igi náà ní 1934, padà débẹ̀ ní 1959, ó bá a pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ti kọ lù ú, ìtì kan ló kù nínú méjì. Ní 1973, awakọ̀ mìíràn, tí wọ́n ní ó ti mutí yó, wó o lulẹ̀ pátápátá. Bẹ́ẹ̀, ààyè wà lọ́tùn-ún, ààyè wà lósì. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni wọ́n gbé òkú igi náà wá sí Niamey.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ìkóra-ẹni-níjàánu tọ́jú, àìbìkítà ẹnì kan ló bà á jẹ́. Nílé wa, igi yẹn ni owó àjọ tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan, òun ni ẹran inú ìkòkò nígbà tí ìyá kò sí nílé. Ẹni tí kò lè darí ọwọ́ ara rẹ̀ níbi tí ojú kò sí, oyè kò lè sọ ọ́ di aṣáájú.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ fa nǹkan lé ọmọ lọ́wọ́: kọ́kọ́rọ́, tàbí owó ọjà díẹ̀. Ẹ má ṣọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ṣú, kó ṣírò bó ṣe ná an. Bó bá ṣàṣìṣe tó sì jẹ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ yìn ín fún òtítọ́ kí ẹ tó bá a wí. Kí àwa náà sì ṣọ́ra: bàbá tó ń já iná pupa nítorí pé kò sí ọlọ́pàá, ọmọ tó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ ń kọ́ ẹ̀kọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Wọ́n ti fi irin ṣe igi mìíràn dípò rẹ̀ ní Ténéré. Ó ń ṣe àmì ọ̀nà fún arìnrìn-àjò, ṣùgbọ́n irin kì í rúwé.